Bí Omi Bá Dì Lójú Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́

Castle Green, Barking
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Bọ̀sún, Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tí a ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Màmá rẹ ní kí n kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ti kí ọ lórí fóònù títí ó fi sú mi, ṣùgbọ́n ó ní kíkí inú ìwé yàtọ̀.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà. Tí mo bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ, mo máa ń pè ọ́, wàá ní "Yes, Daddy," wàá sì ti gbàgbé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí gùn díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí o já lu ọ̀rọ̀ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti tábìlì, tí mo sì ní kí màmá rẹ pa tẹlifíṣọ̀n.

Ìyàwó rẹ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Kò tíì bọ́ sùtánà rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri níbi tí a ń kó bàtà sí, ó fi ọwọ́ gbé ikùn rẹ̀ bí àwọn aláboyún ṣe máa ń ṣe tí oyún bá ti wọ oṣù keje, ó sì sọ fún mi pé o ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí o ń lọ síṣẹ́. Ó ní orúnkún rẹ bó, ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ ya, ẹ̀rín lo sì ń rín nígbà tí o ń ròyìn rẹ̀ fún un.

"Daddy, he thinks it's funny," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kó fi bike yẹn sílẹ̀ till after winter. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, he'll listen."

Mo ní màá rò ó. Ó ní kí n má rò ó pẹ́, torí wọ́n ti ń sọ pé yìnyín máa bọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kò ní kọ́rọ̀: ìyàwó rẹ fẹ́ kí n pàṣẹ fún ọ, ìwọ fẹ́ kí n dákẹ́. Mi ò tíì sọ èyí tí màá ṣe, kódà fún màmá rẹ, tó ti ń yọjú wo ìwé yìí láti ìgbà tí mo ti mú bírò. Kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ àti òtútù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ láti Castle Green níbí lọ sí Dagenham Dock níbi tí ìwọ náà ti wá rí iṣẹ́ báyìí, bí ará iwájú bá sì jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn a kọ́gbọ́n.

Èkíní ni ojú ọ̀run. Nílé wa ní Ìjẹ̀bú, tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, a mọ̀ pé oòrùn á mú lọ́jọ́ náà. Tó bá ṣú dẹ̀dẹ̀, a máa wá aṣọ tó nípọn. Mo kó ìmọ̀ yìí wọ bàálù wá sí London, kò sì sí kọ́sítọ́ọ̀mù kankan tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ní ìgbà òtútù mi àkọ́kọ́ níbí, mo ká kọ́tìnnì láàárọ̀, mo rí ìràwọ̀ lókè, kò sí ìkùukùu rárá. Mo sọ fún màmá rẹ pé ọjọ́ òní máa dáa. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo gun kẹ̀kẹ́, mi ò sì tíì kúrò ní àdúgbò wa tí kẹ̀kẹ́ fi yọ̀ lábẹ́ mi tí mo jókòó sílẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Níbí, ìkùukùu ni kúbùsù tí ilẹ̀ fi ń bora. Lálẹ́ tí kò bá sí ìkùukùu, gbogbo ooru ilẹ̀ á gbéra lọ sókè, omi tó wà lójú ọ̀nà á sì dì. Àárọ̀ tó bá rẹwà jù ni kí o máa fura sí. Èyí tó bá ṣú, tó rí jákujàku, tí òjò wínníwínní ń fọ́n sí ọ lójú, gun kẹ̀kẹ́ rẹ lọ, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan ju pé yóò bà ọ́ nínú jẹ́.

Èkejì ni ẹnu ọ̀nà ilé. Èyí, mo gbàyè lọ́wọ́ màmá rẹ kí n tó kọ ọ́. Lẹ́yìn tí mo ṣubú lọ́jọ́ yẹn, ó pinnu pé òun ò ní jẹ́ kí ọ̀tá rí mi gbé ṣe. Ó gba omi àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, odindi kẹ́ẹ̀gì kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó jí ṣáájú mi, ó ń ka Sáàmù, ó sì ń wọ́n omi náà láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé géètì, gbogbo ibi tí mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ gbà. Kò fo ibì kankan. Kí n tó wẹ̀ kí n tó jẹun tán, omi àdúrà ti dì. Mo jáde pẹ̀lú ìgbàgbọ́, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ẹ̀bá géètì ni mo ti bá ara mi, kẹ̀kẹ́ wà lórí àyà mi. Màmá rẹ sáré jáde. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Ṣé ibi tí mo wọ́n omi sí náà lẹ ti ṣubú?" ó bi mí.

"Ibẹ̀ náà ni."

"Á jẹ́ pé ohun tó ń dúró dè yín níwájú ju èyí lọ," ó ní. "Ọlọ́run ló sọ ọ́ di kékeré."

Títí dòní, mi ò mọ ibi tí èèyàn á gbà já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní koro. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, inú ilé ló ti ń wọ́n omi àdúrà, iyọ̀ ló sì ń fọ́n síta. Mo gbọ́ pé Morẹ́nikẹ́ ti ń da omi gbígbóná látinú kẹ́tù sí àtẹ̀gùn tiyín. Sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kó má ṣe é mọ́. Omi gbígbóná á yọ́ èyí tó wà nílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á tún dì, á sì dán ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iyọ̀, tí kì í jẹ́ kí omi dì, ni kó fọ́n, nírọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó dì. Kó sì máa gbàdúrà rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, Ọlọ́run mọ àdírẹ́sì yín.

Ẹ̀kẹta, má jẹ́ kí ọ̀dà ojú ọ̀nà tàn ọ́. Pé wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kò sọ pé ẹnikẹ́ni ti fọ́n iyọ̀ síbẹ̀. Mo ti gbọ́ ìbínú àwọn èèyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, èmi náà bínú nígbà kan, ìbínú wa kò yọ́ yìnyín. Bó ṣe rí nìyí: ọkọ̀ tó ń fọ́n iyọ̀ á kọ́kọ́ lọ sí ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì àti áńbúláǹsì ń gbà. Ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lè rí tirẹ̀ gbà lẹ́yìn náà, ó sì lè má rí i. Tí yìnyín bá wá pọ̀, àwọn tó ń tì í kúrò fún ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tì í síbì kan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló sì sún mọ́ wọn jù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn ni ìwọ ń gbà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà á gbá tiwọn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ibẹ̀ kan náà ni wọ́n á gbá a sí. Ibi tí o gbà lánàá lè ti di òkìtì kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà má sáré débẹ̀ bí ẹni pé o mọ̀ ọ́n.

Láti Eastbrook tí ẹ ń gbé, mo mọ̀ pé ọ̀nà inú páàkì lo fẹ́ràn. Ó yá, ó tutù sí ojú, o sì máa ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ lórí omi. Fi sílẹ̀ títí òtútù á fi tán. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí iyọ̀, ẹni tó bá sì ṣubú síbẹ̀ ní ìdájí, ajá ẹni tó jáde rìn ni yóò kọ́kọ́ rí i. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà ni kí o máa gbà, bó tilẹ̀ gùn.

Kí o sì mọ irú yìnyín tí o ń bá jà. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tó ṣì fúyẹ́, kò burú, táyà á rọra gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tí àwọn èèyàn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó yọ́ lọ́sàn-án, tó tún dì lálẹ́, òun ni kí o sá fún. Ọjọ́ tí yìnyín bá bọ́, gbogbo ayé ló ń ṣọ́ra. Ìgbà tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ tí ojú ti mọ́ ọn ni wọ́n ń ṣubú.

Mo rò pé ẹ̀kẹrin la wà báyìí, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kí o forí jì mí. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì lè tètè kan ilẹ̀. Dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀. Má fa bíréèkì iwájú lójijì, bíréèkì ẹ̀yìn ni kí o máa fà, jẹ́jẹ́. Tí o bá fẹ́ yà, ti dín eré kù kí o tó dé kọ́nà, má sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwọn tó ń sáré ìje. Iyọ̀ tí wọ́n ń fọ́n sílẹ̀ a máa jẹ irin, nítorí náà máa fi omi ṣan ṣéènì, kí o nù ún, kí o fi òróró sí i. Èmi ò ṣe é, ṣéènì mi já lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì A13 lọ́jọ́ tí ẹ̀fúùfù ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́, ìka mi kò sì ṣe é tẹ̀ títí di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Àlàájì Mùfútàù. Ìwọ mọ̀ ọ́n sí àgbàlagbà tó máa ń fún ọ ní dàbínù nígbà ààwẹ̀. Kí ó tó lọ sí Mẹ́kà, ilé ìkẹ́rùsí kan náà la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lójú ọ̀nà wa, ibì kan wà tó dagẹ̀rẹ̀ lábẹ́ afárá, oòrùn kì í débẹ̀. Tí gbogbo ibi tó kù bá yọ́, ibẹ̀ á ṣì dì. Mùfútàù gbé ṣọ́bìrì kan pamọ́ sẹ́yìn ògiri níbẹ̀, òun àti àpò yanrìn kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀ á sọ̀kalẹ̀, á kó yìnyín kúrò níwọ̀n ibi tí kẹ̀kẹ́ kan lè gbà, á fọ́n yanrìn, á dá ṣọ́bìrì padà, á bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí. Ará Bangladesh wà nínú wa, ará Poland wà, èmi ò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí mo bá ti bá yanrìn nílẹ̀, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti kọjá níwájú mi tó ro tèmi mọ́ tirẹ̀.

Mo bi Mùfútàù lọ́jọ́ kan pé ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà la ń bá wọn ṣe.

"Iṣẹ́ wọn mà ni," ó ní. "Egungun tiwa sì ni."

Ó ń bá yanrìn rẹ̀ lọ. Nítorí náà, mọ àwọn tí ẹ jọ ń gba ọ̀nà kan. Máa kí wọn, bí wọn ò tilẹ̀ gbọ́ èdè rẹ. Tí ibì kan bá wà tó máa ń dì, fi tó àwọn tó ni iṣẹ́ létí, kí o sọ ibẹ̀ gan-an fún wọn, nígbà mìíràn wọ́n máa ń dáhùn. Ṣùgbọ́n má fi ọwọ́ lẹ́rán dè wọ́n. Ra ṣọ́bìrì.

Ó ku èyí tó jẹ́ kí n kọ̀wé. Nígbà tí màmá rẹ lóyún rẹ, tí oyún náà ti wọ oṣù rẹ̀, yìnyín bọ́, ó sì pẹ́ nílẹ̀. Mo dé ibi tó dagẹ̀rẹ̀ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i tó ń dán, kò sí yanrìn lórí rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ohun tó yẹ ni mo ṣe. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń rọra ti kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí ṣọ́bìrì wà. Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ibi iṣẹ́ wa, ọmọ Èkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gun tirẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń darúgbó o," ó ní. "You dey fear?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá lọ sísàlẹ̀. Kò ṣubú. Èyí ló bà á jẹ́. Ká ní ó ṣubú ni, ǹ bá ti kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Mi ò tíì pé ogójì ọdún nígbà náà. Mo tún gun kẹ̀kẹ́ mi.

Mo ṣubú, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi kanlẹ̀, ọrùn ọwọ́ méjèèjì ló sì kán. Mùfútàù ló bá mi níbẹ̀. Kò bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bò mí, ó lọ sí ilé iṣẹ́ tó wà nítòsí pé kí wọ́n pe áńbúláǹsì, ó padà wá, ó gbé ṣọ́bìrì, ó sì ń kó yìnyín kúrò yí mi ká, torí àwọn yòókù ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń gbọ́ bí ṣọ́bìrì ṣe ń ha ilẹ̀ lẹ́bàá etí mi.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa láti ìgbà náà. Mo ti rí omi tó dì, mo sì ti sọ̀kalẹ̀ fún un. Ẹ̀rín ẹlòmíràn ló gbé mi padà sórí ìjókòó. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín nígbà tí Morẹ́nikẹ́ ń wo orúnkún rẹ, mo mọ irú ẹ̀rín yẹn. Iṣẹ́ rẹ ṣì tuntun, o ò fẹ́ kí wọ́n máa wò ọ́ bí ẹni tó ń pẹ́ dé. Tètè jáde. Tí ilẹ̀ bá dì, pe ọ̀gá rẹ kí o tó kúrò nílé, má dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ó dé.

Mo ti pe ìyàwó rẹ kí n tó kọ ibi tí mo dé yìí. Mo sọ fún un pé mi ò ní pàṣẹ fún ọ. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kì í dé Dagenham Dock kí iṣẹ́ yín tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò tíì ní mọ́tò, ọmọ sì ń bọ̀. Tí mo bá ní kí o fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, bóyá iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ, bóyá wàá sì máa gùn ún lẹ́yìn wa, èyí tó burú jù.

"So what will you tell him, Daddy?" ó bi mí.

Mo ní màá sọ bí a ṣe sọ ọ́ lórúkọ.

O mọ̀ pé nínú ìjọ wa, bàbá ló ń gbé ọmọ rẹ̀ dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí wọ́n bí ọ, P.O.P. wà ní ọwọ́ mi méjèèjì, láti ìka dé ìgúnpá. Mi ò lè gbé ọ. Tí wọ́n bá tẹ́ ọ sí mi lẹ́sẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì mí kí o má bàa já bọ́. Ẹbí wa kankan kò sí ní London nígbà náà. Mùfútàù ló wá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn kò ni ín lára, wọ́n ń bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí náà. Ó gbé ọ láti ẹ̀yìn dé iwájú pẹpẹ, èmi ń tẹ̀lé e. Wòlíì wò ó, ó wò mí, ó sì na ọwọ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. O ti ń ké láti ilé. Nígbà tí Mùfútàù fi máa dé iwájú, o ti dákẹ́ sí i láyà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì ń dúpẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, Àkànní. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọmọ tìrẹ máa dé kí òtútù yìí tó lọ. Láàárọ̀ tí o bá rí i tí ilẹ̀ ń dán, ẹni yòówù kó máa wò ọ́, sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé e.

Èmi ni,
Bàbá rẹ